Àwọn Méjìlélógójì Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin olùkọ́ tó kọ́ mi, ẹ̀yin ará àdúgbò, a kú ará-fẹ́ra-kù. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ rí bẹ́ǹṣì jókòó sí, mo kí ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti ojú fèrèsé òkè. Ọlọ́run má jẹ́ ká fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Èmi ni ọmọ àbúrò olóògbé. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí sí "ọmọ inú ilé Màmá," torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń gbé láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ní báyìí, mo wà ní ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń kọ́. Wọn ò ní kí n sọ̀rọ̀ torí pé mo mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà àìsàn, ìdí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́ tí mo tún fà á ya.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó wà nílẹ̀, torí bí mo bá fi falẹ̀, ẹ̀rù á bà mí, màá sì lọ jókòó. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ máa pinnu bóyá ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí á dúró tàbí wọ́n á tì í pa, kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà ní òdìkejì títì márosẹ̀. Òfin wọn ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ kò bá pé àádọ́jọ kò gbọdọ̀ dá dúró. Fọ́ọ̀mù tí Màmá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, buwọ́ lù sọ pé ọmọ wa jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ka àwọn ọmọ lórí ìdúró, mọ́kànlélọ́gọ́fà ló bá. Ọmọ méjìlélógójì dàwátì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá kú.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu ò dákẹ́ mọ́ ní àdúgbò yìí. Mo gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi: "Ìyá tó fa etí gbogbo wa torí irọ́, òun náà ló wá parọ́ fún ìjọba?" Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níbi tí wọn ò mọ̀ pé mo dúró lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́: "Ìtìjú ló pa á, kì í ṣe àìsàn." Ẹni tó sọ ọ́ wà níbí. Mi ò ní wò ó lójú.

Ọ̀gá tó wá kà wọ́n náà wà níbí. Òun ló jókòó ní ìlà kejì yẹn, tó lo jígí ojú. Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, Sà. Etí yín gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé, ẹ̀rù yín náà ló sì ń bà mí jù.

Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ ibi tí ọmọ méjìlélógójì gbà lọ bí ẹ ò bá mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe fún mi.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá. Rìmù kẹ̀kẹ́ ló wà lára ògiri níbi tó yẹ kí àwòrán wà. Ilẹ̀kùn àlòkù kan tí wọ́n kùn ní dúdú ni pátákó ìkọ̀wé, ihò kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Màmá sọ fún mi pé bí òun bá ń kọ ìṣirò, tí òdo bá bọ́ sí ibi tí ihò yẹn wà, òun kàn máa ń fò ó kọjá ni, òdo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ṣé irọ́ ni? Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun ní kó fi lo yàrá náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún di ọdún mẹ́rin.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá yẹn jẹ́ ọmọbìnrin bíríkìlà. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ mú un kúrò, ó ní kó wá máa pọn omi fún àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì. Màmá tọ bàbá náà lọ síbi iṣẹ́. Bíríkìlà ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó tó dúró sí.

Ó ní, "Tísà, ṣé ìwé ni mo fẹ́ fi mọ ògiri yìí ni?"

Màmá ní, "Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán ilé tí ò ń mọ yìí, orí bẹ́ǹṣì ló ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ máa lọ, Tísà, kí búlọ́ọ̀kù má baà já lù yín."

Màmá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ń pe orúkọ, ó pe orúkọ ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pè é lọ́jọ́ kẹta. Ó pè é fún ọ̀sẹ̀ kan, ó pè é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò jẹ́ pa á rẹ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó pariwo pé, "Ó ń bọ̀ lọ́nà, Mà!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsù, ó ya òbìrípo kékeré kan síwájú orúkọ ọmọ náà. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀, a ó dúró dè é. Láti òní lọ, ẹ máa bá a dáhùn."

Ọmọkùnrin ọ̀hún ni Bàbá Onígbàjámọ̀ wa. Ẹ má fọwọ́ bojú, Sà, ayé ti gbọ́.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń bá a dáhùn. Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ bíríkìlà dúró sẹ́nu ọ̀nà, sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ó rò pé wọ́n máa lé òun ni. Màmá ò tilẹ̀ kúrò nídìí pátákó. Ó ní, "Kò pẹ́ jù. Wọlé, ojú ìwé kejìlélógún la wà." Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún Màmá lórúkọ tí gbogbo yín ń pè é, Ìyá Kò-Pẹ́-Jù. Ọmọ bíríkìlà ọ̀hún ni nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ Màmá mú nígbà tó ń kú lọ.

Báyìí ni àṣà wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn rí. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ ọmọ tó ti kúrò, gbogbo kíláàsì á dáhùn: "Ó ń bọ̀ lọ́nà, Mà!" Olùkọ́ á ya òbìrípo. Bí èmi fúnra mi ṣe kéré tó, mo fi ọdún kan gbáko bá ọ̀rẹ́ mi kan dáhùn, ó sì padà wá lóòótọ́, ó ga jù mí lọ.

Ọmọ mọ́kànlá di ogójì. Ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ́wọ́, wọ́n fún wa ní ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ yìí àti yàrá méjì. Yàrá kẹta, ẹ̀yin òbí ni ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ ọ, ní Sátidé mẹ́tàdínlógún. Ògiri rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ẹ má bínú. Yàrá kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀. Owó òrùlé ò tíì dé, ni ọ̀gá kan, kì í ṣe ti ìlà kejì yìí, bá wá láti ọ́fíìsì pé àwọn fẹ́ máa kó àga tó ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ó dé, ó bá Màmá àti ọmọ ọgbọ̀n nínú yàrá tí oòrùn ń wò láti òkè.

Ó ní, "Ìyá, yàrá yìí ò ní òrùlé."

Màmá ní, "Òrùlé ni kò ní. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́."

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"A ó gbé bẹ́ǹṣì lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tó kàn wá. Bó bá dá, a ó gbé e padà. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ bá wa gbé?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé bẹ́ǹṣì lọ, tí wọ́n fi gbé e bọ̀. Káfíńtà tó wà níbẹ̀ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni, ìyá rẹ̀ bá Màmá jà torí òtútù tó mú un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n fi páànù bò ó. Màmá lágídí o. Èmi tí mo bá a gbé, mo mọ̀. Bí ẹ bá ní kó yà sọ́tùn-ún, òsì ni yóò yà, yóò sì sọ fún yín pé òsì yá jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní, ọmọ wa ti lé ní igba. Wọ́n ń wá láàárọ̀, wọ́n ń wá lọ́sàn-án. Àwọn tó ń wọlé lọ́sàn-án máa ń bá ìjókòó tó ṣì gbóná.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá sí òdìkejì títì, ó ní bọ́ọ̀sì, ó ní pápá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, díẹ̀díẹ̀ náà ni ọmọ wa fi ń jáde. Márùn-ún lọ lọ́dún yìí, mẹ́jọ lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá lọ, Màmá á ya òbìrípo, àwọn tó kù á bá a dáhùn.

Ní báyìí, mo ti dé ibi tí mi ò fẹ́ dé.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù yẹn dé, Màmá ti wà lórí ibùsùn. Ìsinmi ni mo wá lò nílé. Ó pè mí, ó ní, "Lọ jókòó sí kíláàsì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ ọ̀la. Orí ni kí o kà, má ka ẹnu o. O mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe rí." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Mà."

Mo lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ojú máa ń tì mí. Àwọn ọmọ ń yíjú wò mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo dorí kodò, mo ń fa ìlà sórí ìwé, ìlà kan fún ìdáhùn kan. "Mo wà níbí, Mà." Mo fa ìlà. "Mo wà níbí, Mà." Mo fa ìlà. "Ó ń bọ̀ lọ́nà, Mà." Mo fa ìlà.

Mi ò ní tàn yín jẹ. Ní kíláàsì kìíní, n kò ronú sí i. Ìgbà tí mo fi dé kíláàsì kẹta, mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti fi ọkàn ṣírò rẹ̀, mo sì ti rí i pé bí mo bá yọ àwọn tó ń bọ̀ kúrò, a ò ní pé àádọ́jọ. Mo wá ń sọ fún ara mi pé, ṣebí Màmá náà ló ní wọ́n ń bọ̀? Ta ni èmi tí màá ní wọn ò bọ̀ mọ́?

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà wá fún un. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Ó ní, "Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣé orí lo kà?"

Mo ní, "Orí ni mo kà, Mà."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lù ú.

Màmi tí ẹ bí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí láṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo mọ̀ pé ibi òkú kọ́ ló yẹ kí a ti máa sọ èyí. Ọjọ́ wo ló kù? Ọjọ́ Ajé ni àwọn ará ọ́fíìsì ń bọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún ọjọ́, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìyá Kò-Pẹ́-Jù ò parọ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò parọ́. Èmi ni mo parọ́ fún un, orí ibùsùn àìsàn ni mo ti parọ́ fún un, ó sì gbà mí gbọ́ torí pé òun ló tọ́ mi.

Rẹ́jísítà tí a fi ń pe orúkọ rèé. Ẹ gbé e yí ká, kí gbogbo yín fi ojú ara yín rí i. Àwọn olùkọ́ tó kù ló ń kọ ọ́ láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀, bó ṣe kọ́ wọn náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Ẹ ka òbìrípo tó wà nínú rẹ̀. Méjìlélógójì ni. Kò sí ẹyọ ọmọ kan tí kò wá, tí a sàmì sí pé ó wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé yìí á rí òtítọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù láìṣí ìwé.

Mo gbọ́ yín, Bàbá Télọ̀. Ẹ ní kí ló dé tí kò kúkú pa wọ́n rẹ́? Èmi náà bi í rí. Ó ní, "Pípa orúkọ rẹ́ ò le. Ìṣẹ́jú kan ni. Bí ọmọ bá wá padà dé, tó bá pé a ti pa òun rẹ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé kó wọlé?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, mo gbé rẹ́jísítà dání, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nínú àwọn méjìlélógójì, mẹ́rìndínlógún ti bá òbí wọn kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn yẹn ti lọ. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣì ń sùn ní òpópónà mẹ́ta tó yí wa ká yìí. Mẹ́sàn-án ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mẹ́tàdínlógún ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá títì. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin náà sọ ojú abẹ níkòó fún mi. Ẹ ní, "Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kú, ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀?" Mo ní, "Torí pé ẹ kó wọn kúrò ló ṣe fẹ́ kú, Mà." Ẹ ní, "Háà, ẹnu rẹ ti mú. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn?" Ẹ sì fún mi ní búrẹ́dì, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò bínú. Mi ò ní ọmọ, mi ò mọ ohun tí òbí ń rò kó tó sùn. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá wọn padà ni.

Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ tún fi iye tí kò sí tàn yín jẹ. Bí gbogbo àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bá padà wá lọ́jọ́ Ajé, a ó jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́jọ. Ẹni mẹ́ta á ṣì kù. Mi ò mọ ibi tí a ti máa rí wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ kó gbogbo wọn wá, kí wọ́n ṣì ti ilé-ẹ̀kọ́ yìí pa. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn mi pè mí sẹ́yìn ilé lánàá. Ó ní, "Dákẹ́. Òkú kì í rojọ́. Jẹ́ kí ìyá ru ọ̀rọ̀ yìí lọ, kò lè wúwo fún un mọ́. Bóyá ọ́fíìsì á tilẹ̀ ṣàánú, wọ́n á ní ìyá arúgbó ló ṣì í kà, wọ́n á fi ọdún kan kún un fún wa. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé ọ kúrò níbi tí o ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ á sì tún lọ. Méjèèjì lo máa pàdánù." Mo ronú sí i títí. Mi ò rí ibi tó ti ṣì í sọ. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè ṣe: mi ò lè dúró níwájú pátákó lọ́jọ́ iwájú, kí n ní kí ọmọ ọlọ́mọ sọ òtítọ́ fún mi.

Sà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà kejì, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí. Ìwé kan rèé. Iye tó tọ́ ló wà nínú rẹ̀, mọ́kànlélọ́gọ́fà. Orúkọ tèmi ni mo kọ sísàlẹ̀, kì í ṣe ti Màmá. Mo kọ àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ gíga mi síbẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ẹ bá ń sọ ìdí tí iye wa fi dín, ẹ má dárúkọ rẹ̀ mọ́ irọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbà á, Sà.

Màmá, ọ̀rọ̀ ti kù sí èmi àti ẹ̀yin. Mi ò rí ààyè bẹ̀ yín nígbà tí ẹ wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ya ẹnu láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ní kí n bu omi wá. Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ bóyá agogo á dún níbí lọ́jọ́ Ajé tó máa tẹ̀ lé ti ìpinnu náà. Mi ò mọ̀ bóyá èmi náà á di olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀yìn mọ́. Ọ̀nà yín á mọ́, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ. Ẹrù tí mo dì lé yín lórí, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, orí tèmi ló wà báyìí. Ẹ máa lọ ní fífúyẹ́, Màmá. Ẹ sùn re.